Ìkìlọ̀ Mẹ́ta láti Ẹnu Hàlímọ̀tù

Ní ọjọ́ tí Áńgọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Ghulail, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, ní ọdún 1993, ìyàwó mi Hàlímọ̀tù ti se ìrẹsì oníkọ́rì sílẹ̀ dè é, nítorí mo ti sọ fún un pé ará Íńdíà ni àlejò mi. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tèmi nìkan. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ló pè é ní ará Íńdíà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì kọ "Hindi" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fún àwọn tó ń kọ́ ilé gíga ní Jẹ́dà. Òun ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí a ṣe ń to irin lókè.

Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀ láàárín ìyàwó mi àti àlejò, nítorí Hàlímọ̀tù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó bi í léèrè ìlú rẹ̀ ní Íńdíà, Áńgọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí.

"Sọ fún un pé arìnrìn-àjò òkun kan ló kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe yẹn, ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Íńdíà ló ń wá, ilẹ̀ wa ló já sí. Ṣùgbọ́n òun kò se kọ́rì fún wa."

Móhọ́ọ̀kì ni ó pe ara rẹ̀. Ìlú rẹ̀ ni Kahnawákè, létí odò ńlá kan ní Kánádà, àwọn bàbá rẹ̀ sì ti wà ní apá ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ó ní ẹ̀yà mẹ́fà ni wọ́n, wọ́n ti bára wọn jagun rí kí wọ́n tó dá ìmùlẹ̀ àlàáfíà, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Ará Ilé Gígùn.

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ń wá sọ́dọ̀ wa. A ó tẹ́ ẹní sórí òrùlé, afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́, Hàlímọ̀tù á gbé tíì tó fi ewé náánáà sí wá. Bí mo bá gbóòórùn ewé náà ní ọjà lónìí, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó kọjá. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé àsìkò tó dára jù nínú ayé mi ni mo wà.

Ní Jímọ̀ kan, Hàlímọ̀tù bi í pé, "Ta ló ń fi ọba jẹ lọ́dọ̀ yín?"

"A ò ní ọba, olóyè la ní. Ìran kọ̀ọ̀kan ní ìyá àgbà tirẹ̀, òun ló ń yan olóyè ìran náà. Ó ti ń wò ó láti kékeré. Bó bá wá jẹ oyè, wọ́n á dé ìwo àgbọ̀nrín fún un."

"Bó bá ń ṣìwà hù ńkọ́?"

"Ìyá àgbà á kìlọ̀ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, á ṣí ìwo náà kúrò lórí rẹ̀."

Hàlímọ̀tù gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Àlàájì, ẹ tún un túmọ̀. Ẹ má sì bù ú kù lọ́tẹ̀ yìí."

Mo sọ fún un pé irú ìyẹn kò sí nínú ìwé ìtàn tí a kà nílé ẹ̀kọ́ girama.

"Ẹni tó kọ ìwé náà ńkọ́, ṣé obìnrin ni?"

Áńgọ́ọ̀sì ní ìjọba Kánádà kò fẹ́ràn ètò náà. Wọ́n gbé òfin dé pé ìdìbò ni kí wọ́n máa fi yan olóyè, ọkùnrin nìkan ni yóò sì dìbò. Ó di ọdún 1951 kí òfin tó gba obìnrin láyè. Ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn ìyá àgbà wọ̀nyẹn. Kò bá ìjọba jà, kò sì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Inú ilé gígùn ló ti ń bá a lọ. Mo ronú kan àwọn ọba tiwa tí Gẹ̀ẹ́sì tì lẹ́yìn, tí àwọn ìjòyè kò fi lè kọ̀ wọ́n mọ́.

Èmi ni olórí àwọn Yorùbá ní Ghulail nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ umda, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò tí ìjọba yàn, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni umda máa kọ́kọ́ béèrè. Mo ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Mi ò gba rìbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ̀rọ̀, mo ti sọ ọ́ nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, Salih ọkọ Zuwairat kú. Aránṣọ ni Zuwairat, Jẹ́dà ni ó bí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì sí. Ìkámà rẹ̀, ìwé tó fi ń gbé ìlú, orí ti ọkọ ló wà. Ìyáàfin ará Saudi kan, Sitt Suad, tí Zuwairat ń ránṣọ fún, ní òun yóò ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ bí olórí wa bá lè jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Ní ìpàdé àwọn ọkùnrin, mo ní opó kò gbọdọ̀ dá gbé ní Ghulail. Bó bá ti parí opó, kó padà sí Ìwó. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rò ó. Kò sẹ́ni tó bi Zuwairat léèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hàlímọ̀tù ní, "Àlàájì, ẹ bi ọmọbìnrin yẹn ní ohun tó fẹ́. Ẹ̀kíní nìyí o."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwo wà lórí mi ni?"

"Ó wà níbẹ̀. Gbogbo Ghulail ló ń rí i, àfi ẹ̀yin."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, akọ̀wé wa Mùnírù mú lẹ́tà tí a fẹ́ fún umda, pé kí Zuwairat padà sí Ìwó, wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kó dà á kọ dáadáa. Hàlímọ̀tù wà lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀kejì," ó ní.

Mùnírù béèrè pé kí ni ẹ̀kejì. Mo ní kó máa lọ. Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yẹn.

Kíndìnrín ti ń yọ Hàlímọ̀tù lẹ́nu látìgbà díẹ̀. Nígbà tó le, ó bẹ̀ mí pé kí n gbé òun lọ sí Mẹ́kà, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ Hafsa ní Ka'kiyah. Mo lọ wò ó ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Lẹ́tà Zuwairat ńkọ́?"

"Sátidé la máa mú un lọ."

"Ẹ̀kẹta nìyí, Àlàájì. Ẹ ṣí i kúrò lórí fúnra yín, kí n má bàa dìde."

Mo ní, "Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Sùn."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un kẹ́yìn nìyẹn.

Ní Wẹ́sìdeè, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, Hafsa pè mí sórí tẹlifóònù ibi iṣẹ́. Áńgọ́ọ̀sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì gbé mi. Nígbà tí a dé ibi tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ti gbọ́dọ̀ yà kúrò lọ́nà Mẹ́kà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó mú áńkáṣíìfù funfun kan àti ìgò omi.

"Lọ́dọ̀ wa," ó ní, "ẹni tó ń bọ̀ wá kí ọlọ́fọ̀ kì í já wọ ìlú. Etí igbó ni wọ́n ti ń pàdé. Mi ò lè kọjá ibí, ibí ni etí igbó tèmi."

Ó nu ojú mi. "Omijé ti bò ọ́ lójú, mo nù ún kí o lè ríran." Ó fọwọ́ kan etí mi. "Ìbànújẹ́ ti dí ọ létí, mo ṣí i kí o lè gbọ́." Ó na omi sí mi. "Ọ̀fọ̀ ti há ọ lọ́fun, mu ún kí o lè sọ̀rọ̀. Kí a tó ṣe èyí, a kì í gbé ọ̀rọ̀ ìlú ka iwájú ọlọ́fọ̀."

Mo mu ún. Mo sọ fún un ohun tí mo sọ fún ìyàwó mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó dá takisí dúró fún mi.

Wọ́n kírun sí Hàlímọ̀tù lára ní Haram, mọ́sálásí ńlá Mẹ́kà, lẹ́yìn Àsárì, a sì sin ín. Nígbà tí a padà sí ilé Hafsa, àwọn ọkùnrin jókòó sí pálọ̀, àwọn obìnrin wà ní yàrá inú. Mùnírù kí mi kú ará fẹ́ra kù, ó jókòó tì mí, ó sì fa ìwé yọ.

"Àlàájì, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àsìkò. Ṣùgbọ́n Sátidé ò jìnnà mọ́, ìfọwọ́sí yín ló kù."

Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ta ló bi Zuwairat léèrè?"

"Hàà. Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká béèrè."

"Pè é."

Zuwairat yọjú lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ó ti parí opó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

"Kí ni ìwọ fẹ́?" mo ní.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù ná, Àlàájì." "Mo fẹ́ dúró. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọ mi ò mọ Ìwó, Lárúbáwá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Bó bá di ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, ẹnu mi lẹ ó ti gbọ́."

Mo ní kí Mùnírù kọ lẹ́tà mìíràn pé a jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Mo ní láti ọjọ́ náà lọ, èmi kì í ṣe olórí mọ́, kí àwọn obìnrin tó wà nínú yàrá sì dárúkọ ẹni tí wọ́n bá fẹ́.

Ariwo sọ. Bàbá àgbà kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀."

"Kì í ṣe ọ̀fọ̀," mo ní. "Ó yẹ kí n ti ṣe é ní Mọ́ńdè."

Àwọn obìnrin pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. A ń gbọ́ ohùn wọn, a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kí Màgàríbì tó tó, Hafsa jáde, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Mùnírù ni."

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo kọ lẹ́tà yẹn?"

"Ìwọ náà. Ọwọ́ rẹ ló kọ búburú, ọwọ́ rẹ ni yóò kọ rere. A ó sì máa ṣọ́ ọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ náà, ó sì tètè dákẹ́.

Ní Sátidé, gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ umda. Ó na àga sí mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní Mùnírù ni olórí báyìí, ẹlẹ́rìí lèmi. Mùnírù jókòó, Zuwairat àti Sitt Suad dúró sápá òsì rẹ̀, èmi sì fara ti ògiri. Lárúbáwá Mùnírù kò dán mọ́rán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ṣì í sọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó wù mí kí n bá a tún un ṣe. Mo pa ẹnu mi mọ́. Umda yíjú sí Zuwairat, ó bi òun fúnra rẹ̀ léèrè bóyá ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Umda fi òǹtẹ̀ lu ìwé náà.