Mọ́tò Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Kẹ̀kẹ́ Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì bọ́jú tí mo fi ń sọ èyí fún yín. Mo lá àlá pé mọ́tò kan kọlu èmi àti kẹ̀kẹ́ Bàbá wa, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ sì wọ́. Kò pẹ́, gbogbo wa ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, mọ́tò náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Lọ́yà ní èmi ni mo jẹ̀bi, kí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá kọjú sí mi. Ó ní, "Nínú mọ́tò àti kẹ̀kẹ́, èwo ni ẹ̀gbọ́n?"

Mo ní kẹ̀kẹ́ ni, kí wọ́n tó bí mi ló ti wà nílé wa. Ó ní kí àbúrò wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ni mọ́tò bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ikùn, dírẹ́bà ṣì wà nínú rẹ̀, ó ń kí wa lójú fèrèsé. Lọ́yà ní kí kẹ̀kẹ́ tètè fèsì, torí oníbàárà òun ò lè dìde àfi tí àgbà bá ní kó dìde. Kẹ̀kẹ́ ò fọhùn. Ẹ ṣáà mọ bí Bàbá ṣe máa ń ṣe tí inú bá ń bí wọn.

Mo bá a dáhùn, mo ní, "Dìde, ó ti tó."

Ìyàwó mi ló dìde jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Kí ni mo ṣe?"