Ẹ́ńjìnnì Tí Kì Í Gbóná

"Ẹ tún un tan, màmá. Ẹ má tẹná o, ẹ kàn tan án."

Ìyá Aránṣọ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ àtijọ́ náà kọ́kọ́ gbọ̀n, kó tó tan. Ni ariwo yẹn bá bẹ̀rẹ̀: kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ẹni tó ń fi èékánná lu abọ́ irin.

Mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Elétí-Ehoro bẹ̀rẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ẹnu súkúdíráífà gígùn kan lé orí ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí, ó dijú. Ó ń sún un láti ibì kan sí ibòmíràn, bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó láti ẹ̀yìn ògiri.

"Ọ̀gá, kí ló ń sọ?"

"Ó ń fẹjọ́ yín sùn mí ni."

Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀túnla ni ọmọ rẹ̀ obìnrin máa mú ọkùnrin kan tó ń ra àlòkù irin wá. Ó ti sọ ọ́ lórí fóònù: "Màmá, ọkọ̀ yẹn ti parí iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u." Ìyá Aránṣọ sì ti ṣèlérí pé bí ariwo náà kò bá lọ kí wọ́n tó dé, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọkọ rẹ̀ ló ni ọkọ̀ náà. Látìgbà tó ti kú, òun nìkan ló kù nínú ilé, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ.

Elétí-Ehoro ní kó pa ọkọ̀. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ òróró sí, ó yí i padà. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, bí ọṣẹ tó ti rin sómi.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń wà á."

"Bátìrì ẹ̀ ò sì kú?"

"Kó kú kẹ̀? Ṣebí mò ń tọ́jú ẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń tan án. Màá jókòó sínú ẹ̀ díẹ̀, ká gbọ́ rédíò, màá wá pa á."

"Ẹ kì í gbé e jáde?"

"Kí n gbé e lọ síbo?"

Mẹkáníìkì wo inú ọkọ̀. Eruku ti bo ìjókòó awakọ̀. Lórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni tìmùtìmù kan wà, tí ara ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó nu ọwọ́ mọ́ àkísà, kò ṣàwàdà mọ́.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ìtọ́jú yẹn gan-an ló ń pa á. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ń tan, tí wọ́n ń pa kó tó gbóná dáadáa, omi ló máa kó sínú ẹ̀. Omi á pò mọ́ òróró, á di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ló dí ojú ihò tí òróró ń gbà dé òkè. Irin wá ń lu irin lásán."

"Láti ọjọ́ yìí wá?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Èmi tí mo rò pé..." Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé.

Elétí-Ehoro tú òróró náà sílẹ̀. Ó dúdú, ó ki, kò fẹ́ẹ́ dà. Ó rọ tuntun sí i, ó sì pààrọ̀ asẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún tan án, ariwo náà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ.

"Ọwọ́ mi ò lè dé ibi tó kù," ni ó wí. "Títì ló máa ṣe é. Ó yẹ kó rin ọ̀nà jíjìn, kó gbóná, kó pẹ́ nínú gbígbóná. Òróró tuntun á fọ ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé, a óò tún un pààrọ̀. Ṣé kí n bá yín wà á?"

"Mo mọ̀ ọ́n wà. Bàbá àwọn ọmọ ló kọ́ mi. Ariwo tó ń pa mọ́ mi nígbà yẹn, ti ẹ́ńjìnnì yìí ò tó o."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sídìí sítíárì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan bíréèkì. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni ọkọ rẹ̀, ẹ̀yìn ni ìjókòó náà sì wà láti ìgbà ayé rẹ̀. Ó fà á títí kó tó gbà láti sún síwájú.

Ariwo náà bá a jáde ní géètì, ó bá a kọjá níwájú àwọn ilé ìtàjà. Àwọn ènìyàn ń bojú wẹ̀yìn. Ó di sítíárì mú bí ẹni tó di ọmọ mú nínú èrò. Nígbà tó yá, ilé tán, ó ku pápá. Abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó gòkè, ó dúró láàárín.

Ó ń gbọ́ táyà lórí títì. Ó ń gbọ́ atẹ́gùn. Ìgbà tí ariwo yẹn dákẹ́ gan-an, kò lè sọ.

"Ó ti dákẹ́ o!" ni ó sọ sókè, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́. Kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn.

Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà láì pa ọkọ̀, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan o? Mo wà níbi iṣẹ́."

"Ọkọ̀ náà ti dákẹ́. Sọ fún ọkùnrin yẹn kó má wulẹ̀ wá."

"Ta ló bá yín wà á? Níbo lẹ wà?"

"Èmi ni mo wà á. Mo wà lójú ọ̀nà."

"Ẹ̀ ń lọ síbo?"

Ìyá Aránṣọ wo iwájú. "Mi ò tíì mọ̀."

"Ẹ ò bá kúkú máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi... Áà, mi ò ní sí nílé lónìí o. Bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá dé. Bí o ò bá sí nílé, màá jókòó dè ọ́ níta."

Ẹnì kan ń pe ọmọ náà lẹ́yìn. "Màá pè yín padà, màmá."

Ìyá Aránṣọ gbé fóònù sílẹ̀. Ó yẹ kó ṣẹ́rí padà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò ó pé ẹ́ńjìnnì náà kò tíì pẹ́ tó nínú gbígbóná. Ó dúró kí ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, ó bọ́ sí títì, ó ń lọ síwájú.