Àwọn Ẹyẹ Ẹ̀yìn Wíńdò Mi

Kí n tó kúrò nílé lọ bá ọmọ mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọ̀rọ̀ tí mo bá ọkọ mi sọ nípa ẹyẹ pọ̀ ju èyí tí mo bá a sọ nípa oúnjẹ tirẹ̀ lọ. Òun náà rí i bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

“Ìyá wọn, èmi ńkọ́? Kí ni kí n máa jẹ?”

“Ẹ lọ́wọ́, ẹ lẹ́sẹ̀, ẹ sì ní sítóòfù,” mo dá a lóhùn. “Ẹyẹ ò ní sítóòfù.”

Aránṣọ ni mí. Inú yàrá tó kọjú sí ọgbà ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní kékeré, maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́ náà ni mo sì ń lò di òní. Abẹ́ wíńdò gan-an ló wà. Àwọn ológoṣẹ́, àwọn ẹ̀gà àti àwọn àdàbà máa ń wá jẹ ọkà tí mo bá dà sórí tiréè níta, wọ́n á sì mu omi nínú abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni oníbàárà ń bá mi jiyàn lórí ìbàdí ara rẹ̀, bíi pé èmi ni mo bù ú kún un. Ẹyẹ kì í bá èèyàn jiyàn. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Nínú wọn, àdàbà kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé. Mi ò mọ ohun tó gé e, àmọ́ ológbò ni mo fura sí. Ẹlẹ́sẹ̀ Kan ni mò ń pè é. Nígbà tí mo fẹ́ lọ yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin méjì sórí igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà nítòsí wíńdò ni, ó sì ti ń sàba lé wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le. Koríko ti gbẹ, omi ò sí nínú gọ́tà kankan. Mo mọ̀ pé Ẹlẹ́sẹ̀ Kan kò lè máa jìnnà kiri wá oúnjẹ. Bí kò bá rí jẹ lọ́dọ̀ wa, yóò fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ebi pa òun fúnra rẹ̀ kú sórí wọn. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Kò bá ẹyẹ ṣọ̀tá, àmọ́ kò rí ohun tí wọ́n wúlò fún. Ó ní gbogbo ọjọ́ tí òun fi ṣiṣẹ́, orí ọkọ̀ òun ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Síbẹ̀, ó gbà.

“Ọkà láàárọ̀, omi láàárọ̀,” ó ní. “Èmi tí mo ń gbé èrò odindi bọ́ọ̀sì, ṣé ẹyẹ ni màá wá ṣe tì?”

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọmọ mi ń gbé. Ọmọ tuntun náà dára, ara ìyá rẹ̀ sì le. Mo wẹ ọmọ, mo pọ̀n ọ́n, mo wá pe ilé.

“Wọn ò wá,” ọkọ mi wí.

“Àwọn wo ni ò wá?”

“Àwọn ẹyẹ rẹ ni. Mo da ọkà, mo bu omi. Èèrà ló ń kó o jẹ.”

Mo ní rédíò rẹ̀ ló lé wọn, kó pa á. Ó pa á. Mo ní fìlà rẹ̀ ni, kó ṣí i. Ó ṣí i. Mo ní kó da ọkà náà kó sì lọ fara pa mọ́ sínú kíṣínì. Bàbá arúgbó lọ fara pa mọ́ nínú kíṣínì ara rẹ̀, ẹyẹ kan ṣoṣo ò bà sórí tiréè.

“Ẹlẹ́sẹ̀ Kan ńkọ́?”

“Ó wà nínú ìtẹ́. Mò ń rí ìrù rẹ̀. Mo ní kí n gbé ọkà náà lọ bá a nídìí igi, ló bá fò lọ. Ó pẹ́ kó tó padà.”

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ta ló rán an, ṣé ó fẹ́ kí ẹyin náà tutù ni?

“Ìyá wọn, mò ń gbìyànjú o,” ó ní.

Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ mọ́ ọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ kí n má purọ́, àánú àdàbà yẹn ṣe mí jù ú lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo báàgì mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Màmá, nítorí ẹyẹ?” ọmọ mi béèrè.

“Ìwọ náà ti di ìyá ọmọ báyìí,” mo ní. “Bí wọ́n bá ní kó o jókòó ti ọmọ rẹ yìí, kó o má dìde, kó o má sì jẹun, ọjọ́ mélòó lo máa lò?”

Ó kàn fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń nu ìdí rẹ̀. Wíńdò ṣí sílẹ̀. Aládùúgbò kan nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Mo gbọ́ ìró maṣíìnì rẹ̀, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́. Bó ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì yẹn, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ ọ̀tún mi ti gbé agolo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ti da ohun tó wà nínú rẹ̀ gba ojú wíńdò. Pọ́dà ọmọ ni. Ẹnì kan sín nísàlẹ̀.

“Màmá,” ọmọ mi ní, “ta lẹ ń da pọ́dà sí lára?”

Ìlẹ̀kẹ̀ tí mò ń wá kiri, ọrùn mi ló wà. Láàárọ̀ gbogbo ọjọ́, kí n tó ṣe ohunkóhun, mo máa ń rán ojú aṣọ kan láti fi mọ̀ bóyá ara maṣíìnì mi dá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa ń gbé agolo ọkà. N ò fún wọn lóúnjẹ rí láìjẹ́ pé maṣíìnì ti kọ́kọ́ dún. Ọwọ́ mi mọ̀, àwọn ẹyẹ mọ̀, èmi nìkan ni n ò mọ̀.

Mo pe ilé.

“Ẹ lọ jókòó sídìí maṣíìnì mi,” mo sọ fún ọkọ mi.

“Èmi?”

“Ẹ̀yin. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì kí n máa gbọ́.”

“O kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. O kì í sì í jẹ́ kí wọ́n wa maṣíìnì lófìfo, láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Létí mi ni o ti máa ń pariwo mọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ lórí maṣíìnì tiwọn.”

“Ẹ wá àkísà kan kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu.”

Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ tí òwú já.

“Ẹ̀yìn lẹ wà á sí,” mo ní. “Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fa wíìlì yẹn sọ́dọ̀ ara yín, kẹ́sẹ̀ yín wá tẹ̀ lé e. Ẹ rọra. Kì í ṣe bọ́ọ̀sì.”

Maṣíìnì mi dún. Nínú yàrá ọmọ mi, níbi tó jìnnà sílé, mo gbọ́ ọ, ó ń kọsẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, àmọ́ ó ń lọ. Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ìró ọkà lórí tiréè. Lẹ́yìn náà, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, èmi náà ò sì mí.

“Wọ́n ti dé,” ọkọ mi rọra sọ sínú fóònù. “Ológoṣẹ́. Wọ́n pọ̀ o.”

“Ẹlẹ́sẹ̀ Kan ńkọ́?”

“Dúró ná.” Ó tún wa maṣíìnì náà díẹ̀, ó sì dá a dúró. “Ó ń yọjú. Ó ti bà sílẹ̀. Ìyá wọn, ó ń jẹun. Ó ń jẹun bí èrò tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.”

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín. Ara mi fúyẹ́ débi pé mo gbàgbé pé ìdí ọmọ ṣì wà níta. Ọmọ náà rán mi létí, ó tọ̀ sí mi lára.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi kò dúró kí n pè mọ́. Òun ló ń pè láràárọ̀ láti jábọ̀. Àwọn ẹ̀gà ń jà. Ológbò kan wá, òun sì ti fi bàtà lé e. Nígbà tó yá, ó ní àwọn ẹyin náà ti pa.

“Méjèèjì. Wọ́n burẹ́wà gan-an ni.”

“Kò sí ọmọ tuntun tí kì í burẹ́wà,” mo ní, ọmọ mi sì wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Ọjọ́ tí mo padà, ọkọ mi wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Ọkùnrin tí kì í dé ẹnu ọ̀nà láì wọ ṣòkòtò gígùn tí a lọ̀ dáadáa. Mo bi í léèrè, ó ní ooru ló mú. Nígbà tí a délé, mo kọ́kọ́ lọ wo igi ọsàn. Orí kéékèèké méjì wà nínú ìtẹ́, Ẹlẹ́sẹ̀ Kan sì wà létí rẹ̀, ó sanra. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti kó aṣọ mi sí. Gbogbo ṣòkòtò gígùn ọkọ mi ni wọ́n ti rán lẹ́sẹ̀ pa, ojú ìránṣọ lórí ojú ìránṣọ, gbogbo rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà ejò.

“Bàbá wọn, kí lèyí?”

“Ìwọ lo ní kí n má wà á lófìfo.”

“Àkísà kún inú àpò abẹ́ tábìlì.”

“Mi ò mọ èwo ni àkísà, èwo ni aṣọ oníbàárà,” ó ní. “Tèmi nìkan ló dá mi lójú pé kò ní bà ọ́ nínú jẹ́.”

Mo ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Mo ní màá tú gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ àràárọ̀ òun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìró maṣíìnì mi ló jí mi. Mo fẹ́ dìde, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti ní in, kò dún rí nínú ilé yìí nígbà tí mo wà lórí ìdùbúlẹ̀. Mo dúró ná. Ó dákẹ́. Ọkà dà sórí tiréè, mo sì gbọ́ ìyẹ́ àwọn ẹyẹ. Mo yíjú sí ògiri, mo sùn padà.