Ẹ̀jẹ̀ Inú Káàdì

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú rárá!" Wẹ́dà ló ń sọ̀rọ̀, ó ti na àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wọn aṣọ fún. "Ẹ̀jẹ̀ jókòó síwájú yín, ẹ tún ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. O nẹ́gẹ́tíìfù ni mí! Èyí tó bá gbogbo ayé mu. Ẹ fà á sára ọba, á gbà á. Ẹ fà á sára ọlọ́pàá, á rẹ́rìn-ín."

Ó fa káàdì kan yọ nínú àpò àyà rẹ̀, ó sì gbé e yí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn náà ká kí gbogbo ojú lè rí i. Káàdì ọ̀hún ti di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ilé iṣẹ́ ìgò tí Wẹ́dà ti ń jó irin nígbà èwe rẹ̀ ló fún un. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú irun tó kún orí, abẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí nítorí ọjọ́ ìjàǹbá. Ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé, irun náà sì tẹ̀ lé e lọ. Káàdì nìkan ló kù, Wẹ́dà sì ń fi í kí èèyàn bí àwọn mìíràn ṣe ń fi ọwọ́ kí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kókó ni wọ́n fẹ́ yọ nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti fi oògùn gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ró kó tó tó ohun tí wọ́n lè fi ọ̀bẹ kàn. Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá, ọ̀la sì ni ọjọ́ rẹ̀. Ó ti là á mọ́lẹ̀: ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, O ni. Àpò O méjì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí aago méjì ọ̀la tó lù. Ẹyọ kan ló wà ní fìríìjì. Bí èkejì ò bá dé, ó di oṣù tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn á tún gbé e dé ìgbà náà.

Télọ̀, ọkọ obìnrin náà, wú ikọ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà lè wá. Torí ọ̀rọ̀ káàdì yẹn, ṣé ẹ rántí pé…"

"Kí n rántí kí ni? Ìwọ? Ìwọ tí atẹ́gùn fáànù ń tì kúrò nídìí máṣíìnì! Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ẹ ò lè kún ṣíbí. Jókòó sílé, àna mi. Máa rán ṣòkòtò."

Télọ̀ pa ẹnu dé. Ẹni tó ti fi ogún ọdún há abẹ́rẹ́ mọ́ ètè kò ní ṣàì mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu dé.

"Bọ̀ọ̀dá mi," aláìsàn ní, "ṣé ó dá yín lójú?"

"Àbúrò mi, bí ẹ̀jẹ̀ mi bá wọ ara rẹ lọ́la, lọ́túnla wàá máa gbé ilẹ̀kùn irin."

Ilẹ̀ mọ́. Aago mẹ́wàá, Wẹ́dà wọ yàrá ẹ̀jẹ̀. Yàrá náà tutù, fìríìjì ń kùn ní igun, àga gígùn kan tó ń sùn sẹ́yìn wà lẹ́bàá fèrèsé. Òwú wà lórí tábìlì, rọ́bà wà níbẹ̀, ohun kan tí Wẹ́dà ò fẹ́ wò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà. Ọkùnrin tí iná ń ta sí lára lójoojúmọ́ tí kì í gbọn, ó fi ẹ̀yìn rìn padà títí ó fi kan ilẹ̀kùn.

Obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò na ọwọ́. "Ìka yín, bàbá."

Wẹ́dà fi káàdì lé e lọ́wọ́. "Ẹ má fìyà jẹ ìka. Gbogbo rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀."

Obìnrin náà wo káàdì, ó wo orí Wẹ́dà tó ń dán, ó dá káàdì padà. "A kì í fa káàdì sí aláìsàn lára. Ìka."

Ó gún un. Ó kán ẹ̀jẹ̀ sójú pálí funfun kan níbi mẹ́ta, ó fi omi àyẹ̀wò sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń mì í jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù pọ̀ bíi wàrà tó bàjẹ́.

"Ó ti ń ṣù!" inú Wẹ́dà dùn. "Ẹ ò rí bó ṣe lágbára tó?"

"Ti O nẹ́gẹ́tíìfù kì í ṣù níbi kankan, bàbá. Tiyín ṣù ní A, ó ṣù ní B, ó tún ṣù níbi kẹta tó ń sọ pọ́sítíìfù. AB pọ́sítíìfù ni yín."

"Èwo ló ga jù níbẹ̀?"

"Kò sí èyí tó ga. Àmì ló wà lára ẹ̀jẹ̀. A ní tirẹ̀, B ní tirẹ̀, AB gbé méjèèjì, O ò gbé ìkankan. Bí ara èèyàn bá rí àmì tí kò mọ̀ rí, á gbógun tì í, ogun yẹn lè pa aláìsàn. Ẹ̀yin lè gbà lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Tó bá wá di fífúnni, AB ẹgbẹ́ yín nìkan ni. Bí a bá fa èyí sára àbúrò yín, a ti pa á."

Wẹ́dà jókòó sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń pe ara rẹ̀ ní olùfúnni gbogbo ayé, àṣé alágbe gbogbo ayé ni.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í ṣubú kó má tún gbìyànjú àtiyí i sí ijó. "Iná ni," ó ní. "Ogún ọdún nídìí iná wẹ́dà. Ó ti sè é."

"Irú ẹ̀jẹ̀ kì í jinná."

"Ó dáa, a jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi nìyẹn! Àbúrò mi jẹ́ O, èmi jẹ́ AB. Inú ìyá kan náà?"

"Bàbá tó jẹ́ A àti ìyá tó jẹ́ B lè bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílé kan. Ẹ má torí káàdì ba ìyá yín lórúkọ jẹ́." Obìnrin náà ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ta ni wọ́n gún lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe káàdì yìí?"

 Wẹ́dà tẹjú mọ́ àwòrán ara káàdì náà.

Irọ́ tó bá pẹ́ lẹ́nu èèyàn, onírọ́ a máa di ẹlẹ́rìí rẹ̀. Wẹ́dà ti gbàgbé pátápátá, ó kàn wá rántí bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí ni. Ọjọ́ àyẹ̀wò nílé iṣẹ́ ìgò: ìlà gígùn, orúkọ ni wọ́n ń pè, wọn kì í wo ojú. Ó rí abẹ́rẹ́ lókèèrè, ó sá wọ ilé ìgbẹ́, ó wá bẹ ọ̀dọ́kùnrin tín-ín-rín kan tó ń lẹ aṣọ iṣẹ́ fún wọn pé kó bá òun dáhùn sí orúkọ òun. Ọ̀dọ́kùnrin náà lọ, ó na ìka, ó padà sídìí aṣọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló fẹ́ àbúrò Wẹ́dà.

Aago ara ògiri ti sún mọ́ mọ́kànlá. Bí Wẹ́dà bá sọ̀rọ̀, ó tẹ́. Bí ó bá dákẹ́, dókítà á di báàgì rẹ̀, á lọ. Ó gbé fóònù.

"Àna mi àtàtà," ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí òwú orí tábìlì. "Ẹ̀jẹ̀ inú káàdì yẹn… ìwọ lo ni ín."

Ohùn ara rẹ̀ dún padà nínú fóònù kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Télọ̀ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti jókòó síbí láti aago méje, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá."

"O sì ń wò mí tí mo ń… kí ló dé tí o ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ẹ kì í jẹ́ kí n parí gbólóhùn."

Wọ́n gún ìka Télọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ṣù níbi kankan, wọ́n sì gbé e gun ìwọ̀n. Ẹni tí kò bá pé àádọ́ta kílò kò gbọdọ̀ fúnni lẹ́jẹ̀. Ó lé ní kílò kan. Inú Wẹ́dà dùn, àfi bí obìnrin náà ṣe ní kó bọ́ bàtà, kó sì yọ àlùmọ́gàjí inú àpò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n wálẹ̀, ó wálẹ̀, ó dúró sí àádọ́ta gééré. Wẹ́dà rí i pé òun ti ń gbàdúrà fún ọ̀rá lára ọkùnrin tí òun ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú abẹ́rẹ́ ńlá dé, Télọ̀ tẹjú mọ́ ọn bí oníṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́. "Nọ́ńbà mélòó nìyí?" ó béèrè. Kò ṣẹ́jú títí àpò fi kún.

"Àpò O ti pé méjì," obìnrin náà ní. "Ó ku ẹni tó máa rọ́pò èyí tí a bá ní fìríìjì. Irú ẹ̀jẹ̀ yòówù."

Àwọn méjèèjì kọjú sí Wẹ́dà. Wẹ́dà bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń wò. Ògiri ni.

"AB mi yìí? Ta ló fẹ́ lò ó?"

"AB mìíràn tí mọ́tò bá gbá. Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgò, bàbá. Ara èèyàn nìkan ló ti ń wá. Èyí tí a gbé fún àbúrò yín, ẹnì kan tí kò mọ̀ yín rí ló jókòó sórí àga yẹn."

 Wẹ́dà dùbúlẹ̀, ó di ojú, ó lọgun débi tí ẹni tó ń nu ilẹ̀ lóde fi ju ìgbálẹ̀ nù.

"A ò tíì gún yín," obìnrin náà ní. "Òwú ni mo fi ń nu ọwọ́ yín."

Télọ̀ wá di ọwọ́ kejì mú. Wọ́n gún un. Ó jọ jíjẹ èèrà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún irọ́, nítorí èèrà! Nígbà tó parí, wọ́n ní kó ṣì sinmi, ó ní kí wọ́n lọ sọ ìyẹn fún ọ̀lẹ. Ó dìde, ó na àyà, ó la ẹnu, ilẹ̀ sì wá pàdé rẹ̀. Ìgbà tó lajú, Télọ̀ ti ń fún un mu nínú omi ọsàn tí wọ́n fún òun alára.

Aago méjì kò tíì lù tí wọ́n fi gbé aláìsàn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ó ti jí, ojú rẹ̀ tutù, àna méjèèjì sì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì lọ́tùn-ún àti lósì.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ yẹn," Télọ̀ ní. Ó ti na àyà díẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! "Láti ìsinsìnyí lọ, mi ò ní máa tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé."

"Bí mi ò bá rọ́pò ńkọ́?" Wẹ́dà dá sí i. "Àpò tó wà ní fìríìjì, èmi ni mo gbà á sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì."

"Ó ń gbóná lára mi lóòótọ́," aláìsàn ní, pẹ̀lú ohùn tó há. "Ó ń rìn bọ̀ láti apá. Mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ni."

Obìnrin yàrá ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó wo ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sàmì sí i.

"Iṣẹ́ náà lọ geere, a ò lo àpò kankan," ó ní. "Méjèèjì ti padà sínú fìríìjì. Aago ìbẹ̀wò ti parí."