Fáànù Tí Kò Fẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí èmi nìkan bá wà nínú ọkọ̀ mi àtijọ́, fáànù á máa fẹ́ ooru sí gíláàsì iwájú. Bí Olha, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, bá ti jókòó tì mí, kò ní pẹ́ tí fáànù á fi dákẹ́. Èémí wa á dì mọ́ gíláàsì bíi yìnyín, n kò ní rí títì mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, díẹ̀ ló kù ká kó sí kòtò lọ́nà ìlú Saskatoon, ní Kánádà níbí, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

"Èmi ni ọkọ̀ yìí ò fẹ́," Olha wí. "Mi ò lọ mọ́. Mi ò ní torí ẹ̀jẹ̀ mi pa àbúrò mi."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín yẹn náà ló rín lọ́dún tó fi ilé ìwé sílẹ̀ kí èmi lè lọ.

Mo padà sọ́dọ̀ Lorne, aládùúgbò wa tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ó ti yẹ fíúsì wò, ó ti pààrọ̀ fáànù gan-an, kò rí nǹkan kan.

"Ìwọ nìkan lo máa ń gbé e wá," ó ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, mú ọ̀daràn náà dání."

"Ta ni ọ̀daràn?" Olha bi í bó ṣe ń wọ gáréèjì rẹ̀. "Ìwọ tó jẹ́ pé ìyàwó ẹ ló ń ti ọkọ̀ tìẹ láàárọ̀?"

Ó jókòó sínú ọkọ̀. Fáànù ń fẹ́. A dúró títí, ó ṣì ń fẹ́. Lorne ní kó sún síwájú, kó mí kanlẹ̀, kó gbọn ara.

"Ṣé kí n jó ni?"

Ibi tí Lorne ti ń họ orí ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Bàtà ńlá méjì dúró síbẹ̀, yìnyín ń yọ́ lára wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni bàtà yẹn?" Lorne bi í.

"Èmi ni. Ṣé kí n gbé ẹrẹ̀ wọ ilé onílé ni?"

"Tẹ́ ẹ bá wà lọ́nà ńkọ́, ṣé ẹ máa ń bọ́ ọ?"

"Nínú òtútù yìí? Ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ padà."

Ó wọ̀ ọ́, ó fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Fáànù dákẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbé e, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Lorne ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Omi kún abẹ́ rẹ̀. Wáyà kan wà níbẹ̀ tó so fáànù mọ́ irin ọkọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́ ti bá bàtà wọlé, ó ti jẹ bóòtù onírin tó de wáyà náà mọ́lẹ̀ tán. Ìbọ̀sẹ̀ kò wúwo tó láti yẹ wáyà náà nípò, àfi bàtà. Lorne ha ìpẹtà náà kúrò, ó fi bóòtù tuntun dè é sí òkè, níbi tí ẹsẹ̀ kò lè dé.

Olha tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ kíkan kíkan. Fáànù kò dákẹ́.

"Bàtà ni, kì í ṣe èmi," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Kò wo ojú mi nígbà tó béèrè pé, "Aago mélòó la máa gbéra lọ́jọ́rú?"