Kọ́kọ́rọ́ Orí Ìṣó

Bí ẹ bá bi Ọmọ́níkẹ́ lọ́dún 1997 pé kí ló kó o nírìíra jù láyé, kò ní ronú kó tó dá yín lóhùn. Ilé ìgbẹ́ àjà kẹta ni. Ilé tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá, ilé iṣẹ́ mẹ́rin ló sì há sí àjà kan ṣoṣo: lọ́yà kan, àwọn aránṣọ kan, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní taípù, àti ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí Ọ̀gá Kọ́lápọ̀ dá sílẹ̀, níbi tí Ọmọ́níkẹ́ ti jẹ́ igbá-kejì rẹ̀. Ilé ìgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

Onílé ti ṣe òfin tó dáa sí i o. Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà, wọ́n so ó mọ́ pátákó pẹlẹbẹ kan, wọ́n fi kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Bí o bá bá a lórí ìṣó, kò sẹ́nì kankan nínú ilé ìgbẹ́. Mú un, wọlé, ilẹ̀kùn á tì fúnra rẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Bí o kò bá bá a, ẹnì kan wà níbẹ̀, dúró. Ọmọ ọdún márùn-ún lè lóye ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró ní Èkó? Lọ́yà ló kọ́kọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gbà, ó ní kó gé irú rẹ̀ kan fún òun. Àwọn aránṣọ gbọ́, wọ́n gé tiwọn. Àwọn tó ń kọ́ taípù náà gbọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún Àjíǹde, kọ́kọ́rọ́ orí ìṣó ti di ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Wọ́n wá ń ṣílẹ̀kùn bá ara wọn. Ìyá kan tó ń kọ́ taípù fi igbe ta lọ́jọ́ kan débi pé àwọn tó ń tajà nísàlẹ̀ sáré jáde. Nígbà tí kò sì sí ẹni tó mọ ẹni tó lò ó kẹ́yìn, ta ló fẹ́ da omi sí i? Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, òórùn rẹ̀ ń gùn, eṣinṣin inú rẹ̀ sanra bí ẹni tí wọ́n ń bọ́.

Ọmọ́níkẹ́ á fi ìborùn dí imú kó tó wọ̀ ọ́, á sì máa ṣépè lábẹ́ ìborùn náà. "Ọ̀bùn gbogbo! Ẹ lè gé kọ́kọ́rọ́, ẹ ò lè bu omi!" Òun náà ní tirẹ̀ nínú báàgì o. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀, ó ní ìdí. Ìdí wo? Pé ọwọ́ òun máa ń dí.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gé kọ́kọ́rọ́ ní gbogbo àjà náà ni Rilwan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó dàgbà sí Mushin, tí Ọ̀gá Kọ́lápọ̀ gbà síṣẹ́ ní oṣù méje sẹ́yìn. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, á lọ dúró síwájú ìṣó, á máa ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, títí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ yóò fi dá a padà. Ìyẹn pàápàá ń rí Ọmọ́níkẹ́ lára. Ó ka sùúrù rẹ̀ sí àìlajú.

Ohun tí Ọmọ́níkẹ́ fi ń yangàn láyé ni láíbìrì kan tó fúnra rẹ̀ kọ. Kì í ṣe láíbìrì ìwé. Àkójọ àṣẹ kọ̀ǹpútà ni, tí ẹni tó bá ń kọ ètò tuntun lè mú lò, kó má baà tún máa gbẹ́ kànga tí ẹlòmíràn ti gbẹ́. Ṣé ẹ rí i, ètò kan lè máa ṣe iṣẹ́ mẹ́rin, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ara wọn. Bí okùn méjì bá sáré mú nǹkan kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n á bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ fi gbọ́dọ̀ wà: okùn tó bá gbà á ló lè fọwọ́ kan nǹkan náà, ìyókù á dúró dè é. Bí ẹ̀rọ Wíńdóòsì ṣe ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí bí ẹ̀rọ Yúníìsì ṣe ń ṣe é. Láíbìrì yìí ló ń bá wọn parí ìjà. Ẹni tó ń kọ ètò á kàn sọ pé "gba kọ́kọ́rọ́", á sọ pé "dá kọ́kọ́rọ́ padà", láíbìrì á wo irú ẹ̀rọ tó bá ara rẹ̀ nínú, á ṣe é bó ṣe yẹ. Ọ̀gá Kọ́lápọ̀ ti tà á fún oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ láti Yábàá dé Ìsàlẹ̀ Èkó.

Rilwan ló lo láíbìrì náà láti fi kọ ètò fún ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè. Ètò yẹn ló ń fún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà lára aláìsàn fún àyẹ̀wò ní nọ́ńbà. Ẹ̀rọ Yúníìsì kan ni, nọ́ọ̀sì méjì sì ń jókòó tì í ní tábìlì méjì, okùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, nọ́ọ̀sì méjèèjì tẹ bọ́tìnnì pọ̀, nọ́ńbà kan náà sì jáde fún àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ aboyún kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ni ọ̀kan, ti bàbá arúgbó kan ni èkejì. Irú ẹ̀jẹ̀ bàbá ni wọ́n gbé dé ẹ̀bá ibùsùn aboyún náà. Wọ́n ti ń wá iṣan apá rẹ̀ kí ẹnì kan tó wo ìwé dáadáa, tó rí i pé ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni ìwé ń wí.

Mátíróònù, olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀, kọ̀wé sí Ọ̀gá Kọ́lápọ̀. Ó ní tí yóò bá fi di ọjọ́ Ẹtì, òun fẹ́ mọ ẹni tó ṣe é àti bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ wọn.

"Ta ló kọ ọ́?" Ọ̀gá Kọ́lápọ̀ bi àwọn méjèèjì ní àárọ̀ ọjọ́ Rú.

Ọmọ́níkẹ́ ò jẹ́ kó tutù. "Rilwan ni, sà. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó jọ pé kò tiẹ̀ lò ó rárá."

"Àǹtí Ọmọ́níkẹ́, mo lò ó," Rilwan dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Mo tiẹ̀ kọ nóòtì kan sí yín ní oṣù kẹta—"

"Nóòtì wo? Ẹ̀mí èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ẹ lọ́rùn, o ń sọ̀rọ̀ nóòtì! Jọ̀ọ́, má bí mi nínú." Kò fẹ́ wo ojú Rilwan.

"Rilwan, máa lọ sílé," ni Ọ̀gá Kọ́lápọ̀ wí. "Wá gba lẹ́tà rẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ́níkẹ́, bá mi wá ibi tó ti bà á jẹ́, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ fún mátíróònù."

Rilwan dúró díẹ̀. Ọmọ tuntun tó wà nílé rẹ̀ ò tíì pé oṣù kan tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní "Ó dàbọ̀ o, Àǹtí," ó sì bọ́ sórí àtẹ̀gùn.

Ọmọ́níkẹ́ ṣí iṣẹ́ Rilwan bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti kan. Ó ń retí ẹ̀gbin. Kò rí i. Gbogbo ibi tí Rilwan ti gba kọ́kọ́rọ́ ló ti dá a padà. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, ìyẹn gan-an ló tún wá ń bí i nínú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí kò síbi tó kù ló wá wọ inú láíbìrì lọ, síbi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́ Yúníìsì.

Ó rí i. Dípò kí láíbìrì ní kọ́kọ́rọ́ kan tí gbogbo okùn jọ ń wò, ńṣe ló ń gé tuntun fún okùn yòówù tó bá béèrè. Okùn kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀, ó ń dá tirẹ̀ padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sì sí èyí tó ń dúró de èkejì.

"Ta ni ọ̀bùn yìí?" Ọmọ́níkẹ́ sọ ọ́ síta. Ó wo òkè ojú ìwé. Lẹ́tà orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú oṣù kọkànlá ọdún 1994, àti ìlà kan: *Fún ìgbà díẹ̀ ni o. Màá padà wá tún un ṣe.*

Ó rántí ọjọ́ náà wàyí. Àwọn ará báńkì kan ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wọn ní aago méjì. Ní aago méjìlá, ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári. Okùn kan ti mú kọ́kọ́rọ́ kìíní, ó ń dúró de èkejì. Okùn mìíràn ti mú èkejì, ó ń dúró de kìíní. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi sílẹ̀ nínú wọn. Ọ̀gá ń pariwo láti yàrá kejì. Ni òun bá ní kí wọ́n má jà mọ́, òun gé kọ́kọ́rọ́ fún kálukú. Ẹ̀rọ gbéra, àwọn ará báńkì pàtẹ́wọ́, òun sì lọ jẹun. Ọdún mẹ́ta rèé.

Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ yọ. Nóòtì Rilwan wà lábẹ́ páálí bísíkíìtì. *Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibi kọ́kọ́rọ́ Yúníìsì. Ó dà bíi pé okùn kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni kò yé, ẹ má bínú.* Ní ẹ̀yìn ìwé náà ni Ọmọ́níkẹ́ ti kọ àwọn nǹkan ọbẹ̀ tó fẹ́ rà: ata rodo, iru, ẹja gbígbẹ.

Àwọn àgbà ní ẹni yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọmọ́níkẹ́ jókòó ti ìwé náà, ara rẹ̀ rí i lára. Ó ti ń fi ìborùn dí imú kiri láti ọjọ́ yìí, òun ni òórùn náà ń ti ara rẹ̀ wá.

Ó lọ bá Ọ̀gá Kọ́lápọ̀, ó rò ó fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

Ọ̀gá ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ́ tirẹ̀ họ etí. Ó yọ ọ́, ó wo ohun tó bá a jáde, ó fi nu ṣòkòtò. "Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà."

"Ó dáa. Tún un ṣe, kó o sì pa ẹnu mọ́. Bí mátíróònù bá gbọ́ pé láíbìrì ló ní àrùn, gbogbo àwọn tí a tà á fún ló máa gbọ́. Rilwan ṣì kéré, á ríṣẹ́ míì. Mo ti ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan, sà."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀," Ọ̀gá Kọ́lápọ̀ wí, ó sì ti kọ́kọ́rọ́ bọ etí kejì.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Ó fi gbogbo Ọjọ́bọ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe. Kọ́kọ́rọ́ kan fún gbogbo okùn. Èyí tó bá sì nílò méjì, ó gbọ́dọ̀ gba kìíní kó tó gba èkejì, kí wọ́n má baà tún ta kò ara wọn. Ó dán an wò títí ọrùn fi ń dùn ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gá fún un ní ìwé tí wọ́n ti tẹ orúkọ Rilwan sí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ̀bi, ó ní kó gbé e lọ fún mátíróònù. Ọmọ́níkẹ́ fi sí báàgì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó gun ọ̀kadà lọ sí Sùúrùlérè.

Mátíróònù Ọlánípẹ̀kun mú un wọ yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì méjì náà wà. Ohun tí Ọmọ́níkẹ́ kọ́kọ́ rí ni páálí pupa kan lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó gba nọ́ńbà, ó na páálí sí ẹnì kejì. Ẹnì kejì gbà á kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

"Kí nìyẹn, mà?"

"Ọ̀kan nínú yín ló gé e fún wa láàárọ̀ àná, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó ní títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹni tí páálí ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan kan. Kò kúrò níbí títí ó fi rí i pé àwọn méjèèjì ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mo bi í pé ta ló jẹ̀bi, ó ní iṣẹ́ àwọn ni. Kò dárúkọ ẹnì kankan."

Ọmọ́níkẹ́ ti na ọwọ́ sí báàgì. Ó yọ ìwé Ọ̀gá jáde, ó fà á ya, ó sì fi tirẹ̀ lé mátíróònù lọ́wọ́. "Èmi ni, mà. Láti ọdún 1994. Ọkùnrin yẹn tiẹ̀ kọ̀wé kìlọ̀ fún mi, mi ò kà á. Wọ́n sì ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀, èmi ni mo dárúkọ rẹ̀."

Mátíróònù ka ìwé náà tán, ó tún un kà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni aboyún yẹn. Ó bímọ láàárọ̀ yìí." Ó ká ìwé náà sí méjì. "Màá pe ọ̀gá yín. Ẹ̀rọ yín lè dúró, bó bá jẹ́ ọkùnrin yẹn ló máa wá fi àtúnṣe sí i, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ tún rí yín níbí."

"Ẹ ṣé, mà," ni Ọmọ́níkẹ́ wí.

Ìgbà tó fi padà dé Yábàá, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n láti Ojúẹlẹ́gbà. Ó sáré gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta. Kò sí kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Ó ti mú tirẹ̀ jáde nínú báàgì kó tó mọ̀. Ó wò ó lọ́wọ́, ó dá a padà sínú báàgì, ó sì lọ dúró síwájú ìṣó. Ó ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì.

Lọ́yà kọjá, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́rọ́ tiyín ni?"

"Mo ní in, sà," Ọmọ́níkẹ́ dáhùn. "Èèyàn ló wà níbẹ̀."

Lọ́yà fa tirẹ̀ yọ nínú àpò, ó ṣí ilẹ̀kùn, igbe obìnrin kan sì ta láti inú. Ó ti ilẹ̀kùn padà, ó sá wọ yàrá rẹ̀. Òórùn tó bá a jáde kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ́níkẹ́ ò fi ìborùn dí imú. Ó dúró.