Ohun Tí Mo Sọ Nípa Gáùn Ọmọ Mi

3.

…torí náà mi ò parọ́. Gbólóhùn kan péré ni mo sọ, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lójú oníbàárà.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n tún un bẹ̀rẹ̀.


1.

PÁTÁKÓ ẸNU Ọ̀NÀ ṢỌ́Ọ̀BÙ MI

A Ń YÁNI NÍ GÁÙN ÌGBÉYÀWÓ. FUNFUN NÌKAN.
Ẹ má fi àtíkè kan ọrùn gáùn.
Ẹ má fi jókòó sórí koríko.
Ẹ má bá wa fọ̀ ọ́. Àwa la mọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́.

"Àwa" tó wà níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi obìnrin ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fọ̀ wọ́n.


2.

Ọmọ mi, lórí fóònù:

"Mọ́mì, mo ti ra gáùn mi. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa ni. Ẹ má pariwo! Ọdún méjìdínlógún ni mo fi fọ òógùn abíyá ìyàwó oníyàwó. Tí mo bá wọ funfun lọ́jọ́ yẹn, ṣe ni n ó kàn máa wá ọṣẹ kiri."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo bú u díẹ̀. Mo tún rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo gbójú sókè. Gáùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló so rọ̀ níwájú mi, gbogbo wọn funfun báláú. Ojú tì mí níwájú wọn bí ẹni pé èèyàn ni wọ́n.


3, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Onídìrí tó wà ní òdìkejì títì mú ọmọ àbúrò ẹ̀ wá wọ gáùn wò.

ONÍDÌRÍ: Wọ́n ní ọmọ ẹ ò ní wọ funfun?

ÈMI: Ta ló sọ fún ẹ?

ONÍDÌRÍ: Òun náà ni. Àbí ta ló ń dirun fún un? Ìwọ tó o wọ funfun fún gbogbo àdúgbò! Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde o.

ỌMỌ ÀBÚRÒ Ẹ̀ (gáùn mi wà lọ́rùn ẹ̀): Àǹtí, ó dà bíi pé kí èmi náà lọ wá aláwọ̀.

Ohun tí mo fi dá wọn lóhùn:

a) "Funfun kì í ṣe ti gbogbo èèyàn."

Rárá.

b) "Funfun kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá yẹ ní í wọ̀ ọ́."

Rárá. Ó kù díẹ̀.

d) Ti (b) yẹn ni. Mo wá fi ọwọ́ pa ikùn mi, mo ṣẹ́jú sí Onídìrí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọbìnrin yẹn mú gáùn náà, ó sì mú ìbòrí mọ́ ọn.


4.

Ọmọ mi ò lóyún. Mo ń kọ ọ́ síbí torí pé mi ò tíì lè sọ ọ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ ọ́.


5.

Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ sí mi:

"Ìyàwó wa, o kú ìmúra. Mo gbọ́ ìdí tí gáùn ẹ ò fi funfun. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò kì í bá wọn gbọ́ àhesọ. Lọ ṣàyẹ̀wò oyún lọ́sìbítù, kó o mú ìwé ẹ̀ wá kó tó di Sátidé. Tí kò bá sí ìwé, a ó sún ìgbéyàwó síwájú."

Ọmọ mi kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀:

"Mọ́mì, ta ni mo ṣẹ̀? Ọkọ mi lóun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kí n ṣáà gba ìwé náà. Mi ò gbà á. Tí mo bá gba ti òní, títí ayé ni n ó máa gbéwèé wá."


6.

ÈSÌ TÍ MO KỌ, TÍ MI Ò FI RÁNṢẸ́

Ọmọ mi, Onídìrí ni ó

Ọmọ mi, ẹnu mi ló

Ọmọ mi, mo

ÈYÍ TÍ MO FI RÁNṢẸ́

Ọlọ́run á jà fún ẹ.

Ẹ wo èmi àgbàlagbà! Ta ni mo ní kí Ọlọ́run bá jà?


7.

Mo lọ bá Onídìrí. Ó ní, "Ṣé mo fi kún un ni? Ìwọ lo fọwọ́ pa ikùn."


8.

Ọjọ́bọ̀, pálọ̀ ìyá ọkọ ẹ̀. Kí a tó wọlé, ọmọ mi ti sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan ló kù tó lè gbà mí sílẹ̀. Ẹ ṣáà sọ bí ẹ ṣe mọ̀ mí."

ÌYÁ ỌKỌ: Ìyá ìyàwó, ẹ má bínú. Ẹni tó sọ fún mi lóun gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

ỌMỌ MI (ó bú sẹ́rìn-ín): Ẹnu mọ́mì mi kẹ̀? Ẹ tiẹ̀ gbọ́ irọ́!

ÌYÁ ỌKỌ: Bí èmi náà ṣe sọ nìyẹn. Mo ní kò sí ìyá tó máa ba ọmọ ẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wojú mi, kí ẹ sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Mi ò ní béèrè ìwé kankan mọ́, Sátidé yẹn ò sì ní yẹ̀.

ỌMỌ MI (ó di ọwọ́ mi mú): Mọ́mì, ẹ dá wọn lóhùn, ká máa lọ.

ÈMI: